Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Aago Ọwọ́ Bàbá Yín Ṣiṣẹ́ Padà

Tí wọ́n bá ń pín ẹrù bàbá, orí ilẹ̀ àti ilé ni ariwo máa ń wà. Aago ọwọ́ kì í dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ dúrọ́ọ̀ ni í mú un. Lọ́pọ̀ ìgbà, Seiko 5 ni: oníṣéènì irin, tí ọjọ́ àti déètì jọ wà nínú fèrèsé kan ṣoṣo, tí bọ́tìnnì rẹ̀ sì sá sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 4 dípò kí ó yọ síta ní 3. Ọdún 1963 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Japan. Bátìrì kò sí nínú rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́, bó ti ń lọ tó ń bọ̀, ni aago náà fi ń jẹun. Ìdí nìyẹn tó fi ń kú bí wọ́n bá ti tì í sínú dúrọ́ọ̀.

Òun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n Citizen, Orient tàbí Ricoh àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ni kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ogbó nìkan kọ́ ló ń pa irú aago báyìí. Ìkánjú ẹni tó fẹ́ jí i máa ń bà á jẹ́ ju ogbó lọ. Aago tó ti wà nílẹ̀ láti 20 ọdún lè wà nílẹ̀ oṣù kan sí i láìsí wàhálà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni kò lè fara dà.

Ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ yí aago dojú dé, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ ha ìdọ̀tí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìwé ara rẹ̀ yóò fi hàn. Lẹ́yìn Seiko, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí ìlà kékeré pín sí méjì, bíi 7009 níwájú, àwọn nọ́ńbà mìíràn lẹ́yìn. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni orúkọ ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó kù jẹ́ ti ara aago. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, torí òun ni oníṣẹ́ máa fi wá ohun èlò.

Nọ́ńbà míì tó dá wà lẹ́yìn rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ẹyọ mẹ́fà, ni ti ọjọ́ ìbí aago náà. Ẹyọ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni nọ́ńbà tó parí ọdún náà, èyí tó tẹ̀ lé e ni oṣù: 1 sí 9 fún oṣù kìíní sí ìkẹsàn-án, òdo fún ìkẹwàá, N fún ìkọkànlá, D fún ìkejìlá. Bí ẹ bá rí 6N, oṣù kọkànlá ọdún 1976 ni, tàbí ti 1986. Aago kò ní sọ èwo fún yín. Màmá ló máa sọ ọ́. Tó bá ní ìgbà ìjọba Ṣàgárí ni òun ti ń rí i lọ́wọ́ bàbá, ọ̀rọ̀ ti yanjú, 1976 ni.

Ẹ wo ojú aago náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá kọ AUTOMATIC síbẹ̀, afìrìn-jẹun ni, bí èyí tí mo ń sọ. Bí ó bá jẹ́ QUARTZ, oníbátìrì ni, mo máa dé orí ìyẹn níwájú. Bí kò bá sí èyíkéyìí, tí bọ́tìnnì rẹ̀ sì ń le díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i, aago tí a ń fọwọ́ yí láràárọ̀ ni. Ẹ yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ dúró níbi tó bá ti le. Ẹ má fipá tì í kọjá ibẹ̀.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yà sọ́tọ̀: aago bàbá àgbà tó lọ jagun ní Bọ́mà, tàbí èyíkéyìí tó ti wà ṣáájú àwọn ọdún 1960, tí wọ́n kun ojú àti ọwọ́ rẹ̀ kí ó lè máa tàn lóru. Radium ni wọ́n sábà ń fi kun irú rẹ̀ nígbà náà. Ó lè má tàn mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà tó ń tàn ló gbó. Radium fúnra rẹ̀ nílò nǹkan bí 1600 ọdún kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Ẹ má ṣe ṣí irú aago bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má ha ojú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ kí ó tó ṣí i.

Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì pinnu ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pààrọ̀

Ojú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìdè ṣéènì. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, lẹ́bàá fèrèsé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó ti ara yín. Kí ló mú kí aago yìí jẹ́ ti bàbá? Fún àwọn kan, ojú aago tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni. Fún ẹlòmíràn, ìwé tí ilé iṣẹ́ fín sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì ni, tàbí ibi tí igun rẹ̀ ti ha mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni oníṣẹ́ aláàánú máa bá yín pa rẹ́, tí ẹ kò bá ti ṣe kìlọ̀ fún un. Ó máa fi ẹ̀rọ dán ara aago títí ìwé ẹ̀yìn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ó máa wá ojú tuntun fi sí i, yóò sì rò pé òun ti ṣe yín lóore ńlá. Ojú Seiko àtúnkùn kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, púpọ̀ nínú wọn láti India, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ osàn, tí lẹ́tà orí wọn nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò bá ẹni tó fẹ́ràn wọn jà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun tí bàbá ń wò lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ní tèmi, ohun inú ṣeé pààrọ̀: sípíríǹgì, wíìlì, rọ́bà. Ohun tí ojú rí, ẹ jẹ́ kí ó wà bó ṣe wà. Gíláàsì nìkan ni mo yọ sílẹ̀, bó bá ti sán.

Ẹ dán an wò láìṣí i

Seiko 5 àtijọ́ tó ń lo 7009, 6309 tàbí 7S26 kò ṣeé fi bọ́tìnnì yí kún. Ẹ lè yí bọ́tìnnì náà títí di alẹ́, kò ní gba nǹkan kan. Ẹ di aago mú ní ìbú, kí ojú rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ máa fì í sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lẹ́ fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ má gbọ̀n ọ́n bí ìgò oògùn. Ẹ tẹ́tí sí i bí ẹ ṣe ń fì í. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ irin kan tó ń rọra yí gbirigbiri nínú. Irin yẹn ló ń ká sípíríǹgì.

Nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló lè ṣẹlẹ̀.

Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kí ó sì máa rìn lọ. Ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ bọ́ ọ kalẹ̀, kí ẹ sì wo iye wákàtí tó máa fi rìn lórí tábìlì. Èyí tó yè dáadáa máa ń lo nǹkan bí 40 wákàtí. Bó bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́, òróró inú rẹ̀ ti gbẹ, tàbí sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Rírìn tó ń rìn yẹn gan-an ló léwu, torí irin ń jẹ irin níbi tí òróró kò sí. Ẹ gbé e lọ fún ìtọ́jú kí ẹ tó sọ ọ́ di aago ojoojúmọ́.

Ó lè rìn nígbà tí ẹ bá ń fì í, kí ó sì dúró bí ẹ bá ti gbé e kalẹ̀. Òróró tó ti di bí oje igi ló sábà máa ń fà á. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, kò sì burú rárá. Wíwẹ̀ àti òróró tuntun ló máa ń tán an.

Ó lè máa dúró síbì kan náà ní gbogbo ìgbà. Bó bá jẹ́ pé ibi tí ọwọ́ méjì ti ń pàdé ni, ọwọ́ kan ló ń kọ́ ìkejì. Bó bá jẹ́ pé lẹ́bàá agogo méjìlá òru ni, ti déètì ni. Ẹ sọ èyí fún oníṣẹ́, ó máa dín wàhálà rẹ̀ kù.

Tàbí kí ó má mira rárá, kí ẹ má gbọ́ ìró irin, tàbí kí ẹ gbọ́ nǹkan tó ń ró wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́ bí iyanrìn. Nǹkan ti já nínú, tàbí ó ti dógùn-ún. Ẹ má fì í mọ́.

Aago míì wà tí kò kú, àmọ́ tó ń sáré: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́. Òòfà ló sábà ń fa èyí, torí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tàbí sípíkà. Ẹ mú kọ́ńpáàsì gidi, ẹ rọra gbé aago sún mọ́ ọn. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé aago kiri, òòfà ti mú un. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ aago tó ń yọ òòfà ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Wọn kò nílò láti ṣí aago náà rárá.

Ẹ kíyè sí déètì pẹ̀lú. Ẹ fa bọ́tìnnì jáde lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá yí i sí apá kan, déètì ń sún, sí apá kejì, ọjọ́ ń sún. Àwọn tó dàgbà ju ìyẹn lọ, bíi 6119, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì tiwọn wọlé. Ohun tó jọ nínú gbogbo wọn ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sún déètì láàárín agogo mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí tí aago ń kà. Eyín wíìlì déètì ti ń so mọ́ra wọn nígbà náà, ó lè kán. Ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ aago sí agogo mẹ́fà, kí ẹ tó ṣe déètì.

Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbà kí ẹ kánjú nìyí. Tí ẹ bá rí ìrì lábẹ́ gíláàsì, kò sí àyè fún ọ̀la. Ẹ má sin ín sínú ìrẹsì, ẹ má gbé e sóòrùn, ẹ má fi sẹ́yìn fíríìjì. Ooru máa ń sọ omi di ooru omi tó ń wọ ibi tí kò tíì dé tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an kí ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ omi òkun, wákàtí díẹ̀ ti pọ̀ jù.

WATER RESIST tí wọ́n kọ sẹ́yìn aago ti pẹ́ tó ti di àròsọ. Rọ́bà tó ń di omi lọ́nà ti le, ó ti sán, nígbà míì ó ti yọ́ bí ọ̀dà. Aago ọlọ́dún 40 kò gbọ́dọ̀ bá yín wẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹ ti fi rọ́bà tuntun sí i.

Wíwá oníṣẹ́ aago

Wọ́n ń dín kù, ṣùgbọ́n wọ́n wà: àgbàlagbà tó jókòó sẹ́yìn tábìlì onígíláàsì létí ọjà, tí awò dúdú wà lójú rẹ̀ kan, tí okùn aago sì so rọ̀ sórí rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé aago lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kí i dáadáa, ẹ ní kí ó bá yín pààrọ̀ bátìrì aago míì, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ó ń fi abọ́ bo àwọn ohun tó tú kalẹ̀ kí eruku má bàa kó sí i? Ṣé inú agolo ni àwọn ìdè kéékèèké inú aago ń lọ, àbí ó ń dà á sórí tábìlì gbalaja? Nígbà ọyẹ́, tábìlì gbalaja kò dáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í: “Bàbá, kí lẹ fi ń wẹ ẹ́ńjìnnì?” Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Àwọn kan máa ń ṣí ẹ̀yìn, wọn á rì gbogbo ẹ́ńjìnnì sínú bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì láìtú u, wọn á fẹ́ ẹ gbẹ, wọn á kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Aago náà máa rìn. Ó máa rìn dáadáa fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ máa máa yìn ín fún àwọn ará ilé. Lẹ́yìn náà ni ìdọ̀tí tí kò jáde àti òróró tó ti ṣàn kúrò níbi tó yẹ yóò jọ dì pọ̀, á sì wá kú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ tó péye ni kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ wíìlì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tò ó padà, kí wọ́n sì fi orí abẹ́rẹ́ kán òróró aago gidi sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ yàtọ̀, ó sì yẹ kó yàtọ̀.

Tí ọkàn yín bá balẹ̀, ẹ ní kí ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níṣojú yín. Àwọn kan ń fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì yí i; mo fẹ́ràn ìyẹn ju irinṣẹ́ tó ń yọ̀ tó ń ha ìwé ẹ̀yìn lọ. Bí ìdérí bá ti ṣí, irin tó ń fì yẹn lẹ máa kọ́kọ́ rí, ó gba ìdajì àyè náà. Ẹ ní kí ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni wíìlì kékeré aláwọ̀ wúrà kan wà, sípíríǹgì tín-ín-rín ká sí àárín rẹ̀. Bí aago bá yè, wíìlì yìí ń lọ ó ń bọ̀, ìlù mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 21,600 ní wákàtí kan. Ẹ wo yíká àwọn òkúta pupa kéékèèké tí irin ń yí lórí wọn. Bí òrùka ìdọ̀tí dúdú bá yí wọn ká, òróró tó gbẹ nìyẹn. Bí ẹ bá rí ibi tó ti dógùn-ún lórí ìdè tàbí lẹ́nu ibi tí bọ́tìnnì ti wọlé, omi ti dé ibẹ̀ rí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ó tó dé e padà. Fọ́tò yẹn ló máa jẹ́rìí bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì yín ni wọ́n dá padà fún yín.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bá a ṣe àdéhùn tí etí méjèèjì gbọ́:

- Kò gbọdọ̀ dán ara aago, kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀.
- Ohunkóhun tó bá yọ, kí ó kó o sínú náílọ́ọ̀nù, kí ó dá a padà fún yín.
- Rọ́bà ẹ̀yìn àti ti bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun.
- Bí ẹ́ńjìnnì bá kọjá àtúnṣe, kí ó pè yín kí ó tó ṣe nǹkan kan.

Kókó ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju àwọn yòókù lọ. Bí 7S26 bá ti bàjẹ́ pátápátá, tuntun tó ń jẹ́ NH36 máa ń wọ àyè rẹ̀, ó tiẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ yí. Ṣùgbọ́n 7009 yàtọ̀. Òkú aago míì tó ní ẹ́ńjìnnì kan náà ni kí ẹ wá, kí wọ́n yọ ohun tí ẹ nílò lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa “fi ọgbọ́n wọ” ẹ́ńjìnnì míì sí i, ẹsẹ̀ ojú aago, ìyẹn irin kéékèèké tó di ojú náà mú lábẹ́, ló máa gé kí ó lè wọlé. Ojú náà kò ní padà sípò mọ́ láéláé.

Ti oníbátìrì

Èyí kò le. Ẹ ṣí i, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn bátìrì, kí ẹ ra irú rẹ̀ gan-an. SR626SW, tí wọ́n tún ń pè ní 377, wọ́pọ̀. LR626 bá a dọ́gba ní títóbi, ó sì dínwó, àmọ́ irú rẹ̀ máa ń da omi bó bá pẹ́. Bí bátìrì àtijọ́ bá ti da omi, tí ẹ rí ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé níbẹ̀, ẹ gbé e fún oníṣẹ́ kí ó fọ̀ ọ́ kí tuntun tó wọlé. Ẹ má fi ẹ̀mú irin di ojú méjèèjì bátìrì mú, ẹ má sì jẹ́ kí nǹkan kan fara kan wáyà bàbà tín-ín-rín tí wọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá já, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn.

Bí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá bá ń fò méjì méjì, aago kò bàjẹ́. Ebi bátìrì ló ń pa á. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Gíláàsì àti ṣéènì

Ẹ fi èékánná lu gíláàsì. Bí ó bá dún kọ́kọ́, tí kò sì tutù, ike ni. Ẹ lè fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ pa ojú ibi tó ha, yóò dán. Ti Seiko 5 sábà máa ń jẹ́ gíláàsì gidi tí wọ́n ń pè ní Hardlex, ọṣẹ ìfọyín kò ràn án. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣéènì ni kí ẹ bọ́ kúrò lára aago, kí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Omi náà máa dúdú. Àwọn píìnì kékeré méjì tó so ó mọ́ aago, ẹ ra tuntun. Kò wọ́n, píìnì tó gbó ló sì ń jẹ́ kí aago já bọ́ lọ́wọ́ ẹni láàárín ọjà.

Nígbà tí ó bá dé

Ẹ fi sí agogo fóònù yín, kí ẹ máa wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀. Aago tó dàgbà tó báyìí, tí kò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ lóòjọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ó ti gbìyànjú. Bí ó bá ń sáré díẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ lóru ní ọ̀nà míì: ojú sókè lónìí, bọ́tìnnì sísàlẹ̀ lọ́la. Ọ̀kan nínú rẹ̀ lè fà á sẹ́yìn díẹ̀. Bí ó bá ju ìyẹn lọ, tàbí tó tún kú láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ kó o padà fún ẹni tó ṣe é pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí i kí ó tó rí i, torí bí ọwọ́ kejì bá ti wọ̀ ọ́, ẹni àkọ́kọ́ kò ní gbà pé ẹ̀bi òun ni, ó sì lè jàre.